Nọ́ọ̀sì ní kí n má fún ọmọ lómi, ìyá ọkọ mi ní òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

Abiyamọ Òkè-Àdó · Ọjọ́bọ̀, 8:40 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin àǹtí mi. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbé ọmọ mi jáde ní ilé ìwòsàn aládàáni kan níbí n'Ìbàdàn. Àkọ́bí mi ni, ọkùnrin, kílò 3.1. Ara mi ń bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀. Ọyàn ni wàhálà mi.

Látìgbà tí mo ti bí i, omi kan tó ki, tó pupa rúsúrúsú, ló ń kán. Ọmọ á mu, á sùn díẹ̀, á tún figbe ta. Nọ́ọ̀sì ọ̀sán ní kí n máa gbé e sọ́yàn, pé èyí tó ń kán yẹn tó o. Nígbà tó di òru ọjọ́ kejì, nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ebi ń pa ọmọ. Ó po mílíìkì agolo sínú ìgò ọlọ́mú, ó fún un mu. Èmi ò tilẹ̀ tíì lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ti ọ̀sán dé, ó rí ìgò, ojú ẹ̀ yí padà. Àwọn méjèèjì ò sọ nǹkan kan síra wọn, èmi ni wọ́n ń wò.

Ọ̀sán òní la délé. Ìyá ọkọ mi ti se omi sínú fúláàsì dè wá. Mo ní wọ́n ní kò gbọdọ̀ mu omi títí oṣù mẹ́fà. Wọ́n ní, "Ọmọ méje ni mo bí, kò sí èyí tí mi ò fún lómi. Ìwọ náà máa jẹ ẹ̀bà fún oṣù mẹ́fà láì mu omi, ká wò ó." Mo pe ìyá tó bí mi. Àwọn náà ní nígbà tí wọ́n bí mi ní 1989, àwọn nọ́ọ̀sì gan-an ló ń fún ọmọ ní omi glúkóòsì.

Ṣé àwọn nọ́ọ̀sì ayé ìgbà yẹn ò mọ̀ ni, àbí ti ìsinsìnyí ló ń fi wá dánra wò? Ẹ gbà mí o, ó tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

Ìyá Ìbejì Ṣàgámù · 8:52 alẹ́

O kú ewu ọmọ o, àbúrò mi. Má fún un lómi. Mu ẹ̀kọ gbígbóná, jẹun dáadáa, máa gbé e sọ́yàn, òru náà wà níbẹ̀. Ìbejì ni tèmi, ọyàn nìkan ni àwọn méjèèjì mu fún oṣù mẹ́fà. Ìwọ wá ń bẹ̀rù pé ọyàn rẹ ò ní tó ọmọ kan.

Màmá Túndé Adó-Èkìtì · 9:05 alẹ́

Ẹ má bínú, mi ò ní bá yín purọ́. Omi tí wọ́n bá sè dáadáa, ṣíbí kan, kì í pa ọmọ. Márùn-ún ni mo bí. Mo fún wọn lómi, mo rọ wọ́n lágbo, àgbà ni gbogbo wọn báyìí, ọ̀kan ń ṣe ṣọ́jà. Ọyàn pupa àkọ́kọ́ yẹn pàápàá, ńṣe la máa ń fún un dànù, torí ó ti pẹ́ jù nínú ọyàn. Ẹ jẹ́ kí ìyá ọkọ rẹ̀ tọ́jú ọmọ wọn.

Àwọn nọ́ọ̀sì yìí, bí wọ́n ṣe ń yí i nìyẹn. Nígbà tí mo bí Túndé, oṣù mẹ́rin ni wọ́n sọ. Ó ti di mẹ́fà báyìí. Bó bá di ọdún tó ń bọ̀, wọ́n á ní ọdún kan.

Agbẹ̀bí Tó Ti Fẹ̀yìntì · 9:48 alẹ́

Ọmọ mi, o kú ewu. Ìyá rẹ ò purọ́. Àwa la fún wọn ní glúkóòsì yẹn, ọwọ́ tèmi náà wà níbẹ̀.

1976 ni mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ agbẹ̀bí, mo fẹ̀yìn tì ní 2011. Láwọn ilé ìwòsàn tí mo ti ṣiṣẹ́ nígbà náà, bí obìnrin bá ti bí, a ó gba ọmọ, a ó wẹ̀ ẹ́, a ó gbé e lọ sí yàrá àwọn ọmọ. Yàrá ọ̀tọ̀ ni, gíláàsì wà lójú fèrèsé rẹ̀. Àwọn bàbá á dúró síta, wọ́n á máa nàka sí èyí tí wọ́n rò pé ó jẹ́ tiwọn. Wákàtí mẹ́rin mẹ́rin la ń gbé ọmọ lọ bá ìyá. Bó bá ké láàárín kan, omi glúkóòsì ni. Kí ìyá tó fún un lọ́yàn, a ó ní kó fi òwú àti omi apakòkòrò nu orí ọmú. Ohun tí wọ́n kọ́ wa ni. Ìwé tí a kà, òyìnbó ló kọ ọ́, bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́hùn-ún làwa náà ń ṣe é. Bó bá máa fi di ọjọ́ kẹta, ọyàn ìyá á ti wú, á le gbandi, ọmọ tí ìgò ti mọ́ lára ò sì ní mọ bó ṣe máa gbá a mú. A ó wá sọ fún ìyá pé ọyàn rẹ̀ ò tó, a ó kọ mílíìkì agolo fún un.

Àwọn tó ń ta mílíìkì náà sì mọ̀nà ọ̀dọ̀ wa. Tiwọn ni kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri, tiwọn ni bírò tá a fi ń kọ̀wé, agolo kékeré ọ̀fẹ́ sì wà fún ìyá tó bá ń lọ sílé. Kò sẹ́ni tó rí i bí nǹkan tí kò dáa.

1981 ni àwọn orílẹ̀-èdè jókòó ní Jẹ̀nẹ́fà, níbi ìpàdé Àjọ Ìlera Àgbáyé, tí wọ́n fọwọ́ sí ìlànà lórí ìpolówó mílíìkì ọmọ ọwọ́. Orílẹ̀-èdè 118 ló gbà, Amẹ́ríkà nìkan ló ní òun ò gbà. Òfin tiwa dé ní 1990, Decree 41, nígbà tí Olikoye Ransome-Kuti jẹ́ mínísítà ètò ìlera. Dókítà àwọn ọmọdé ni Ransome-Kuti fúnra rẹ̀, ó mọ ohun tí ìgbẹ́ gbuuru ń fojú ọmọ rí. Nígbà tó di 1991, UNICEF àti Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ètò ilé ìwòsàn ọ̀rẹ́ ọmọ jáde, ìgbésẹ̀ mẹ́wàá ló ní: kí ọmọ wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ tọ̀sán tòru, kí á má fún un ní ohunkóhun yàtọ̀ sí ọyàn àfi tí àìsàn bá béèrè fún un, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ.

Wọ́n kó àwa náà jọ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́, wákàtí 18. Ẹ̀yìn pátápátá ni mo jókòó sí, mo káwọ́ gbera. Kí ni wọ́n fẹ́ fi yé ẹni tó ti gbẹ̀bí fún nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nípa ọyàn? Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí olùkọ́ bi wá nìyí: "Ta nínú yín ló ti jókòó wo ìyá kan láti ìgbà tó gbé ọmọ sọ́yàn títí ọmọ fi tú u sílẹ̀?" Kò sẹ́ni tó nawọ́. A máa ń gbé ọmọ fún un, a ó bá tiwa lọ ni. Ojú tì mí.

Ó dáa, ohun tí wàá ṣe rèé. Nítorí ojú abẹ, má tẹ́ ọmọ sórí ikùn. Jókòó, ki ìrọ̀rí sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, gbé ọmọ sábẹ́ abíyá bí ìgbà tí o bá há pọ́ọ̀sì mọ́ abẹ́ apá, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lápá ẹ̀yìn rẹ, kí àtẹ́lẹwọ́ rẹ gbá ọrùn rẹ̀ mú. Fi orí ọmú kan ètè rẹ̀ tòkè. Ní sùúrù kó yanu gbàgà. Ọmọ ni kí o fà wá bá ọyàn, ìwọ má tẹ̀ síwájú lọ bá a, ẹ̀yìn á pa ọ́. Dúdú tó yí orí ọmú ká náà gbọ́dọ̀ wọlé. Bó bá ṣì ń dùn ọ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, ti ìka kékeré bọ igun ẹnu rẹ̀ kó tú, kí o tún un gbé.

Omi pupa yẹn, kò sóhun tó ń jẹ́ pé ó ti pẹ́ jù nínú ọyàn. Ohun tí ọmọ ọjọ́ kìíní ń gbà lẹ́ẹ̀kan kò fi bẹ́ẹ̀ ju ṣíbí tíì kan lọ, ohun tó sì wà nínú rẹ̀ láti gbógun ti àrùn pọ̀ ju ti ọyàn funfun tó ń bọ̀ lẹ́yìn lọ.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà Gidi · 10:10 alẹ́

Màmá, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ẹ má kó gbogbo wọn pọ̀. Kì í ṣe ibi gbogbo ni wọ́n ti gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá. Ní 1956, Dókítà David Morley, ará Ìlú Ọba, dé sí ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà. Òun àtàwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ ló ń lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé, tí wọ́n ń tẹ̀ lé àwọn ọmọ láti ìgbà tí wọ́n bí wọn. Ọyàn ọdún méjì sí mẹ́ta ni lábúlé nígbà náà, ẹnikẹ́ni ò ní láti kọ́ ìyá. Ohun tí wọ́n ń ṣọ́ ni ìgbà tí ọmọ bá ń kúrò lẹ́nu ọyàn, tó jẹ́ ẹ̀kọ lásán ló ń mu. Wọ́n á gbé e kọ́ òṣùwọ̀n, wọ́n á fi àmì sórí káàdì. Bí ìlà náà ò bá gòkè mọ́, wọ́n á jókòó ti ìyá, wọ́n á bi í bí ilé ṣe rí.

Káàdì yẹn, ìyá ló ń mú un lọ sílé, nínú ọ̀rá. Ìyá ìyá mi kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó mọ̀ bí ìlà bá ń sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló kọ́ káàdì yẹn lára Ìmẹ̀sí, a kì í sì í sọ ọ́.

Nọ́ọ̀sì Àjẹsára · 10:31 alẹ́

Àwọn àgbà ti sọ ti àtijọ́. Ẹ jẹ́ ká sọ ti ọmọ tó ń ké lálẹ́ òní, torí kò tíì sẹ́ni tó béèrè ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ béèrè: ẹ̀ẹ̀melòó ló ń tọ̀ lójúmọ́?

Lọ́jọ́ kìíní, ẹ̀ẹ̀kan tó. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀ẹ̀mejì. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń gòkè. Tó bá ti di ọjọ́ karùn-ún, ìlédìí tó tutù kò yẹ kó máa dín ní mẹ́fà, ìtọ̀ náà ò sì gbọdọ̀ pọ́n. Ìgbẹ́ dúdú àkọ́kọ́ á ti máa di pupa rúsúrúsú. Gbogbo ọmọ ló máa ń fọn díẹ̀ lẹ́yìn ìbí, ṣùgbọ́n bí ọmọ kílò 3.1 bá fọn dé 2.8, ó ti fẹ́ẹ̀ pàdánù ìdá kan nínú mẹ́wàá, ẹ má jókòó sílé. Tó bá ń sùn ṣáá tí kò jí mu ọyàn, tí ẹyinjú rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, tí ẹnu rẹ̀ gbẹ, ẹ gbé e lọ lóru ọjọ́ náà.

Mo ń sọ èyí torí pé àwa ti òde òní náà ní àṣìṣe tiwa. A ti sọ "ọyàn nìkan" di orin. A ó máa sọ fún ìyá pé ó tó, ó tó, láì gbé ọmọ sórí òṣùwọ̀n. Iṣẹ́ abẹ a máa jẹ́ kí ọyàn pẹ́ kó tó dé. Bí ọmọ bá nílò mílíìkì díẹ̀ lóòótọ́ títí ọyàn á fi dé, kí dókítà sọ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n fi kọ́ọ̀bù kékeré fún un, kí ìyá sì máa fọwọ́ fún ọyàn rẹ̀ jáde kó má baà gbẹ. Ohun tí nọ́ọ̀sì òru yẹn ṣe tí kò dáa ni pé kò yẹ ọmọ wò, kò sì bi ọ́ léèrè.

Màmá Túndé, omi tí ẹ ń wá fún ọmọ, inú ọyàn ló wà. Bí ẹ bá pín ọyàn sí ọ̀nà ọgọ́rùn-ún, nǹkan bíi 88 ni omi. Ti oṣù mẹ́rin, òótọ́ lẹ sọ. Oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà ni wọ́n ń sọ tẹ́lẹ̀, 2001 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé wá ní kó jẹ́ mẹ́fà gbáko. Àwọn tó sọ fún yín nígbà yẹn ò tàn yín.

Màmá Túndé Adó-Èkìtì · 10:44 alẹ́

O ṣeun, ọmọ mi, o ò bú mi. Mo gbọ́ ti omi. Àgbo ńkọ́?

Agbẹ̀bí Tó Ti Fẹ̀yìntì · 11:02 alẹ́

Ìyá Túndé, ti àgbo nìkan kọ́ ni ká sọ, ti rírọ ni. Ìyá àgbà kan sáré gbé ọmọ ọlọ́jọ́ mọ́kànlá wá bá mi. Ó ti gbé e sórí orúnkún, ó fọwọ́ bò ó nímú kó lè gbé e mì, bí wọ́n ṣe rọ òun náà nìyẹn. Àgbo ṣì ń kán létí aṣọ rẹ̀. Ó ti gba ọ̀nà èémí ọmọ wọ ẹ̀dọ̀fóró. Kò lò ju wákàtí méjì lọ mọ́ láyé.

Mi ò bá ìyá yẹn wí. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú ni.

Ìyá Adé, London · Ọjọ́ Ẹtì, 6:15 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o. Ẹ má rò pé ti ìlú òyìnbó dán mọ́rán. Ọjọ́ kejì tí mo bímọ ni wọ́n ní kí n máa lọ sílé. Òótọ́ ni pé agbẹ̀bí ń wá wò ọ́ nílé, wọ́n sì gbé Adé wọ̀n ní ọjọ́ karùn-ún: ó ti fọn ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ. Orí ọmú mi ti bó, ẹ̀jẹ̀ ń jáde. Agbẹ̀bí mẹ́ta ló wò wá, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní kí n tún bí mo ṣe gbé e ṣe. Ọjọ́ kẹsàn-án ni ẹnì kan tó ti ki ìka bọ ẹnu ọmọ, tó rí i pé awọ tó wà lábẹ́ ahọ́n ló dè é mọ́lẹ̀. Wọ́n fi àlùmọ́gàjí gé e, kò tó ìṣẹ́jú kan.

Ọyàn àti mílíìkì agolo ni mo pa pọ̀ fún un, ó ti di géńdé. Nígbà tí wọ́n ka iye àwọn ìyá tó ń fún ọmọ lọ́yàn níbí ní 2010, 81 nínú ọgọ́rùn-ún ló bẹ̀rẹ̀, ẹyọ 1 péré ló ṣì ń fún ọmọ ní ọyàn nìkan ní oṣù mẹ́fà. Ti Nàìjíríà, nínú ìwádìí ìlera ilé-dé-ilé ti 2018, 29 nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà ló ń mu ọyàn nìkan. Nítorí náà, ẹ dẹ̀ mọ́ àwọn ìyá. Ohun tó ń pa mí lẹ́kún nígbà yẹn kì í ṣe ebi ọmọ, ojú tí wọ́n fi ń wò mí bí mo bá mú agolo jáde ni.

Ìyá Ìbejì Ṣàgámù · 7:03 àárọ̀

Ìyá Adé, mo gbọ́ o. Ṣùgbọ́n omi ẹ̀rọ lẹ fi ń po tiyín. Tiwa, bí iná bá lọ, kànga ni, kẹrosíìnì tá a máa fi se ìgò sì ti wọ́n. Èèyàn á bu omi la mílíìkì kó lè pẹ́, ọmọ á máa mu omi funfun lásán. Ẹ ò lè fi wé ara wọn.

Aláìlórúkọ · 7:40 àárọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí lórúkọ. Ní 2004, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, wọ́n rí HIV, wọ́n ní bí mo bá lè ra mílíìkì, kí n má fún ọmọ lọ́yàn rárá. Mo fi ọ̀já di àyà títí ọyàn fi gbẹ. Agolo yẹn ló tú àṣírí mi ládùúgbò. Ní báyìí, àbúrò mi tí tirẹ̀ náà rí bẹ́ẹ̀ lóyún, wọ́n sì ní kó fún ọmọ lọ́yàn. Ṣé wọn ò fẹ́ pa ọmọ náà?

Nọ́ọ̀sì Àjẹsára · 8:20 àárọ̀

Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá mi. Ìmọ̀ràn tí wọ́n fún yín ni èyí tó wà nígbà yẹn, oògùn ni kò tíì kárí. Láti 2010, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní bí ìyá bá ń lo oògùn tó ń dá àrùn náà dúró, ó lè fọ́mọ lọ́yàn títí ọdún kan. Ní 2016 wọ́n sún un dé ọdún méjì. Oògùn ni ohun tó gbé e dúró o. Kó má fo ọjọ́ kan, kí ọmọ lo tirẹ̀ bí wọ́n bá ṣe kọ ọ́, kó sì jẹ́ ọyàn nìkan fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́.

Bàbá Fọláhàn · 9:11 àárọ̀

Ọkùnrin lèmi, ẹ foríjì mí. Abiyamọ Òkè-Àdó, má bá ìyá ọkọ rẹ jà, ọkọ rẹ ni kó lọ bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Nígbà tiwa, mo gbé ìyá mi dání lọ sí ilé ìwòsàn, mo ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi ṣàlàyé fún wọn." Nọ́ọ̀sì náà kúnlẹ̀ kí wọn, ó pè wọ́n ní "ìyá wa", kó tó bẹ̀rẹ̀. Ó parí.

Ìkómọ ńkọ́? Ọjọ́ Ajé ló máa pé ọjọ́ mẹ́jọ. Omi, oyin, iyọ̀ á dé o.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà Gidi · 9:30 àárọ̀

Ẹ má fọwọ́ kan ìyẹn! Àṣà wa ni. Wọ́n á kàn fi tọ́ ọ lẹ́nu ni.

Agbẹ̀bí Tó Ti Fẹ̀yìntì · 9:52 àárọ̀

Ẹ fi kan ìyá rẹ̀ lẹ́nu, kí ìyá tọ́ ọ wò lórúkọ ọmọ. Bí a ṣe ń ṣe é nílé wa nìyẹn láti bí ọdún mélòó kan, kò sì sí àdúrà tó dín. Oyin ni kí ẹ yẹra fún jù. Kòkòrò kan wà tó lè wà nínú rẹ̀ tí ikùn ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan ò lágbára rẹ̀.

Abiyamọ Òkè-Àdó · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4:26 ìrọ̀lẹ́

Ẹ má bínú pé ẹ ò gbúròó mi. Nígbà tí Nọ́ọ̀sì béèrè iye ìlédìí, mo kà á: mẹ́ta péré láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Àyà mi já. Láàárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì, a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tó wà nítòsí, ìyá ọkọ mi bá wa lọ. Kílò 2.83.

Nọ́ọ̀sì ibẹ̀ fa àpótí, ó jókòó síwájú mi, ó ní kí n gbé e sọ́yàn. Kò sọ̀rọ̀. Ó ń wo ẹnu ọmọ ṣáá fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, bí ìyá àgbà wa níbí ṣe sọ. Ó wá ní, "Kò gbé e mì, orí ọmú ló kàn ń họ." Ó gbé e sábẹ́ abíyá mi, ó dúró kó yanu, ó fà á mọ́ mi, èmi náà sì gbọ́ ọ: gbì, gbì, gbì, ó ń gbé e mì. Ó ní kí n máa jí i lóru bó bá sùn ju wákàtí mẹ́ta lọ, ká padà wá lọ́jọ́ kẹta. Òru Ọjọ́ Ẹtì yẹn ni ọyàn funfun dé, gbogbo aṣọ mi rin. Láàárọ̀ yìí, 2.95.

Lánàá, èmi ni wọ́n fi oyin tọ́ lẹ́nu. Àwọn ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kan kùn, bàbá wọn ní kí wọ́n jẹ́ ká gbàdúrà.

Ti ìyá ọkọ mi lẹ ò ní gbà gbọ́. Nọ́ọ̀sì yẹn sọ fún wọn pé àwọn lòun fi iye ìlédìí sí lọ́wọ́, pé èmi ò ní ráyè. Wọ́n wá ẹfun, wọ́n ń fa ìlà sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mẹ́jọ ni lánàá. Wọ́n ní àwọn ò ka èyí tó tọ̀ sí àwọn lára mọ́ ọn.